Michel Mirowski

Michel Mirowski (ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1924 – ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1990) jẹ́ oníṣègùn ọkàn tí a bí ní orílẹ̀-èdè Pólándì, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ísírẹ́lì, tí ó sì di olókìkí nípasẹ̀ iṣẹ́ tí ó ṣe ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣe defibrillator àkọ́kọ́ tí a lè fi sínú ara ènìyàn, ẹ̀rọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ICD. Ẹ̀rọ yìí máa ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù ní ọ̀sán àti ní òru. Bí lílù ọkàn bá dàrú débi tí ó lè pa ènìyàn, ẹ̀rọ náà yóò ta iná mànàmáná sí ọkàn láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti dá a padà sípò.

Ìgbà èwe àti ogun

Ìlú Warsaw, tí í ṣe olú-ìlú Pólándì, ni a bí Mirowski sí, nínú ìdílé Júù. Mordechai Frydman ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Pólándì ní ọdún 1939, bàbá rẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mieczysław Mirowski, kí ó má baà tètè hàn pé Júù ni. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó fi ilé sílẹ̀ ó sì forí lé ìhà ìlà-oòrùn, sí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Sófìẹ̀tì. Inú ebi àti ìṣípòpadà láti ìlú dé ìlú ni ó ti lo ìyókù ogun náà. Nígbà tí ó padà sí Pólándì, kò bá ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Nínú ìdílé rẹ̀, òun nìkan ni ó yè.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn

Lẹ́yìn ogun, Mirowski bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú Gdańsk, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi Pólándì sílẹ̀ lọ sí Palẹstínì. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan níbẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ó gba ìlú Lyon ní ilẹ̀ Fáránsé lọ, níbi tí ó ti fi èdè tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi gba oyè dókítà. Ní Fáránsé ni ó ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Anna. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí.

Ní ọdún 1954, ó padà sí Ísírẹ́lì, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Tel Hashomer lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Harry Heller, ẹni tí ó di ọ̀gá àti olùtọ́nisọ́nà rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa àìsàn ọkàn ní Mẹ́síkò, àti ní Johns Hopkins ní Baltimore lọ́dọ̀ Helen Taussig, obìnrin oníṣègùn tí ó gbajúmọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn. Ní ọdún 1963, ó tún padà sí Ísírẹ́lì, ó sì di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn ní ilé ìwòsàn Asaf Harofeh.

Ikú Harry Heller

Ní ọdún 1966, ọkàn Heller bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́nà tí ó léwu, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́. Mirowski, tí ó mọ irú àìsàn náà dáadáa, mọ̀ pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ níbi tí dókítà kò sí, ó lè já sí ikú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Heller kú lójijì níbi tí òun àti ìdílé rẹ̀ ti ń jẹun.

Ní àsìkò yẹn, ọ̀nà méjì péré ni ó wà láti dáàbò bo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kí ó máa gbé inú ilé ìwòsàn títí ayé, nítòsí defibrillator ńlá tí wọ́n ń gbé ka orí kẹ̀kẹ́. Èkejì ni kí ó máa gbé ilé rẹ̀, kí ó sì máa retí ohun tí ó bá dé. Mirowski rò pé ọ̀nà kẹta gbọ́dọ̀ wà. Ó rí i pé pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tí ń ran ọkàn tí ó ń lọ́ra lọ́wọ́, ti di ohun tí a ń fi sínú ara láti ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1958, nígbà tí Åke Senning fi èyí tí Rune Elmqvist ṣe sí ara aláìsàn kan ní Swídìn. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, kí ni ó dé tí a kò fi lè sọ defibrillator náà di kékeré bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ tí ó bi sọ fún un pé kò lè ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ ní Baltimore

Mirowski mọ̀ pé òun kò ní rí owó, ẹnjiníà àti ohun èlò tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tí òun wà. Ní ọdún 1968, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Baltimore, ó sì gba iṣẹ́ olórí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ọkàn ní Sinai Hospital, lórí àdéhùn pé òun yóò ní àyè láti ṣe ìwádìí. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Morton Mower, oníṣègùn ọkàn.

Inú yàrá kékeré kan ní ilé ìwòsàn náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn ni pé bí a bá ta iná láti inú ara gan-an, kì í ṣe láti orí awọ àyà, ìwọ̀nba iná díẹ̀ ni yóò tó. Wọ́n ki wáyà kan gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìtòsí ọkàn ajá, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ awọ àyà rẹ̀. Iná díẹ̀ tó láti dá lílù ọkàn padà. Ní ọdún 1970, ìwé ìròyìn Archives of Internal Medicine tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde, lẹ́yìn tí àwọn ìwé ìròyìn mìíràn ti kọ̀ ọ́.

Àtakò

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Èyí tí ó le jù nínú àtakò náà wá láti ọ̀dọ̀ Bernard Lown, ẹni tí ó fúnra rẹ̀ ti ṣe àtúnṣe ńlá sí bí a ṣe ń fi iná dá ọkàn padà láti ìta ara. Ní ọdún 1972, òun àti Paul Axelrod kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Circulation pé ẹ̀rọ náà kò pé, pé kò sì sí aláìsàn tí ó yẹ kí a lò ó fún ní ti gidi. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti ìlara. Ẹ̀rọ tí ó bá ṣi lílù ọkàn kà lè ta iná sí ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀rọ tí kò bá sì tètè dáhùn kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Bákan náà ni wọ́n gbà pé oògùn àti ìdènà àìsàn ni ó yẹ kí owó máa lọ sí.

Lẹ́yìn èyí, owó ìwádìí di ohun tí ó ṣòro láti rí. Ní ọdún 1972 kan náà ni Mirowski pàdé Stephen Heilman, dókítà tí ó ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Medrad ní ìlú Pittsburgh. Heilman gbà láti fi owó àti àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn ẹnjiníà náà ni Alois Langer wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe dá lílù ọkàn tí ó léwu mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò léwu.

Ní ọdún 1975, wọ́n fi ẹ̀rọ náà odidi sínú ara ajá kan. Wọ́n ya sinimá rẹ̀: wọ́n mú kí ọkàn ajá náà dàrú, ajá náà ṣubú, ẹ̀rọ ta iná, ajá sì dìde. Àwọn kan ṣì sọ pé a lè kọ́ ajá láti ṣubú kí ó sì dìde. Nítorí náà, nínú sinimá tí wọ́n tún yà, wọ́n fi àwòrán lílù ọkàn ajá náà hàn pẹ̀lú ìṣubú rẹ̀, kí iyèméjì lè kúrò.

Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́

Ní ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé ọdún 1980, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí ara ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí pé ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró ni aláìsàn náà. Oníṣẹ́ abẹ tí ó ṣe é ni Levi Watkins, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tí a tún mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jà fún kí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú sí i.

Iṣẹ́ abẹ ńlá ni ní àsìkò yẹn. Wọ́n ní láti la àyà aláìsàn kí wọ́n tó lè rán ọ̀pá iná mọ́ ọkàn, wọ́n sì fi àpótí ẹ̀rọ, tí ó wúwo tó nǹkan bí 250 gíráàmù, sí abẹ́ awọ ikùn. Ní ọdún 1980 yìí kan náà, Mirowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú New England Journal of Medicine. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1985, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò pọn dandan mọ́ kí a la àyà. Abẹ́ awọ àyà, nítòsí èjìká, ni a ń fi ẹ̀rọ náà sí, a sì ń ti wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọkàn.

Láti ikú òjijì dé àìlágbára ọkàn

Àwọn tí ọkàn wọn ti dáṣẹ́ dúró rí nìkan ni Mirowski kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ náà fún àwọn tí ó ní àìlágbára ọkàn, ìyẹn àìsàn tí ọkàn kò fi lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bí ó ti yẹ, tí ó ń fa èémí kúkúrú, ẹsẹ̀ wíwú àti àárẹ̀. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lè dàrú lójijì, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà sí i kí ewu tó dé.

Ìwádìí MADIT II, tí ó jáde ní ọdún 2002, lo aláìsàn 1,232 tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ti dí rí. Ó fi hàn pé ICD dín ikú kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí SCD-HeFT ti ọdún 2005, tí ó kó aláìsàn 2,521 jọ, rí i pé ó dín ikú kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Morton Mower ní tirẹ̀ kópa nínú ṣíṣe irú ẹ̀rọ mìíràn tí ń mú kí apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn máa lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí a mọ̀ sí CRT. A lè so òun àti ICD pọ̀ sínú àpótí kan.

Ìyàtọ̀ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè

Ẹ̀rọ kan náà ni, ṣùgbọ́n bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń lò ó yàtọ̀ gidigidi. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìlera Medicare tí ìjọba ń fi san owó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà mú kí àwọn tí ó lè gbà á pọ̀ sí i ní ọdún 2005, ní kété tí àbájáde SCD-HeFT jáde. Láàrin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Jámánì wà nínú àwọn tí ń lò ó jù. Bírítéènì kì í lò ó tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àjọ NICE ni ó máa ń wo bí àǹfààní ìtọ́jú ṣe tó sí owó rẹ̀, kí ó tó dábàá ẹni tí ó yẹ kí ìjọba sanwó fún.

Dẹ́nmárkì mú ìbéèrè mìíràn jáde. Ní ọdún 2016, ìwádìí DANISH, tí a ṣe pẹ̀lú aláìsàn 1,116 tí àìlágbára ọkàn wọn kò wá láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí ó dí, fi hàn pé ICD dín ikú òjijì kù, ṣùgbọ́n kò dín àpapọ̀ ikú kù lọ́nà tí ó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Oògùn ti dára ju ti àtijọ́ lọ, àǹfààní tí ẹ̀rọ lè fi kún un sì ti dín kù fún irú àwọn aláìsàn yìí. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń ṣọ́ra sí i kí wọ́n tó fi sí wọn lára.

Àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ti Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Dẹ́nmárkì tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró lórí pápá ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 2021. Wọ́n fi ICD sí i lára. Òfin ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Inter Milan, kò gbà kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ náà máa díje, nítorí náà ó kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 2022, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ní Ẹ́ńgílándì fún Brentford. Ẹ̀rọ tí ó wà lára rẹ̀ kò yí padà, òfin orílẹ̀-èdè ni ó yàtọ̀.

Nàìjíríà àti ilẹ̀ Yorùbá

Ní Nàìjíríà, ohun tí ń fa àìlágbára ọkàn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Ìwádìí THESUS-HF, tí ó jáde ní ọdún 2012, kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fa àìsàn wọn. Àwọn tí tiwọn wá láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí ó dí kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba jẹ́ ọdún 52, ìyẹn ni pé àwọn tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ ni àìsàn náà ń mú. Ìwádìí tí a ṣe ní Abẹ́òkúta, tí ó jáde ní ọdún 2014 lórí aláìsàn 452, rí ohun kan náà: ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa èyí tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ.

Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé irú aláìsàn tí MADIT II fi ìdí àǹfààní ICD múlẹ̀ fún kò pọ̀ nínú àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tí ó pọ̀ níbẹ̀ sún mọ́ irú àwọn tí ìwádìí DANISH yẹ̀ wò. Àwọn obìnrin mìíràn sì wà tí ọkàn wọn rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí ó lè padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá lo oògùn fún oṣù díẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí a kò bá lo ẹ̀rọ náà ni a lè pè ní àìní.

Síbẹ̀, àìní wà. Fífi ICD síni lára ń fẹ́ yàrá tí ó ní ẹ̀rọ X-ray pàtàkì, iná tí kì í kú, dókítà tí ó kọ́ṣẹ́ náà, àti kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ẹ̀rọ náà wò láti ìgbà dé ìgbà. Bátìrì rẹ̀ náà máa ń tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a ó sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn tí ó lè ṣe gbogbo èyí kò pọ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó sì ń fi owó ara wọn san án.

Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí hàn. Ìtọ́jú ìgbàlódé ti pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́: ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1907 ni ó di Bowen University Teaching Hospital ní ọdún 2009. LAUTECH Teaching Hospital náà wà ní ìlú yìí. Ọ̀yọ́ wà ní ojú ọ̀nà láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn UCH ti ń gba àwọn aláìsàn láti ọdún 1957. Láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn tó nǹkan bí 50 kìlómítà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ sì tó nǹkan bí 100. Fún ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń kúrú, ìrìn-àjò yìí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn rẹ̀ kò nílò yàrá pàtàkì, a sì lè ṣe é ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní àdúgbò. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń fa púpọ̀ nínú àìsàn náà, ibẹ̀ ni a ti lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú ni àtúnlò. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ń gba pacemaker lára àwọn tí ó ti kú, pẹ̀lú àṣẹ ẹbí wọn. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí aláìsàn mìíràn tó lò ó. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò gba irú àtúnlò bẹ́ẹ̀ láàyè nínú orílẹ̀-èdè náà.

Ikú àti ìrántí

Àrùn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, tí a mọ̀ sí myeloma, ni ó pa Mirowski ní Baltimore ní ọjọ́ 26 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1990. Ẹni ọdún 65 ni. Ó rí i kí ó tó kú pé ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe ti wọ ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rí àwọn ìwádìí ńlá tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní àìlágbára ọkàn.

Ní ọdún 2002, wọ́n fi orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ti Mower, Heilman àti Langer, sí National Inventors Hall of Fame ní Amẹ́ríkà. Levi Watkins kú ní ọdún 2015, Morton Mower sì kú ní ọdún 2022. Ní ọdún 2001, Dick Cheney, igbá-kejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ náà sí lára. Àwọn oníṣègùn ọkàn ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ Mirowski nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò lórí ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ fún wọn, ìyẹn ni bí a ṣe lè mọ ẹni tí ikú òjijì ń bọ̀ wá bá kí ó tó dé.